Kíkọ́ Ilé Adìẹ sí Ẹ̀yìnkùlé ní Ṣàpọ́n

Ẹ̀yin òbí wa, àti ẹ̀yin tí ẹ ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti béèrè lọ́wọ́ àwa tí a ń kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀ bí ènìyàn ṣe lè sin adìẹ díẹ̀ ní àárín ìgboro Abẹ́òkúta, níbi tí ilé ti fara kan ilé. A pinnu láti dá yín lóhùn nínú ìwé ìrántí ọdún yìí. Ṣùgbọ́n kí a tó sọ bí a ṣe ń kọ́ ilé adìẹ, ó yẹ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ bí èyí àkọ́kọ́ tí a kọ́ ṣe bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Pákó ni a fi kọ́ ọ. Nítorí olè àti nítorí ìjì ìgbà òjò, a fi pákó dí ọ̀nà mẹ́ta pa, a sì fi ilẹ̀kùn kékeré kan sí ọ̀nà kẹrin. Páànù tí a fi bò ó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé lè nawọ́ kàn án. Ó dára lójú. A tilẹ̀ kùn ún ní ọ̀dà. Ogún adìẹ ni a kó sínú rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà, kí agogo ìparí ẹ̀kọ́ tó dún, mẹ́sàn-án nínú wọn ti kú. Àwọn tí ó kù la ẹnu sílẹ̀, wọ́n na apá wọn kúrò lára, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì JSS 2 ni iṣẹ́ omi wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà. Òun ni a kọ́kọ́ dá lẹ́bi, òun pàápàá sì gbà pé ẹ̀bi òun ni, ó ń sunkún. Nígbà tí a wá nawọ́ sínú abọ́, omi kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbóná bí omi ìwẹ̀ àárọ̀ ọyẹ́. Ọmọ náà kò gbàgbé ohunkóhun. Àwa tí a kọ́lé ni a pa adìẹ. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, a sì wó ilé náà.

Ohun tí a kò rò ni pé adìẹ kì í làágùn. Ooru ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ tó nǹkan bí ìwọ̀n 41 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó ju ti ènìyàn lọ, ìyẹ́ sì bò ó. Ẹnu ni ó fi ń mí ooru jáde. Bí afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká bá ti kọjá ìwọ̀n 30, ó ti ń jìyà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni ní Abẹ́òkúta wa yìí, ọ̀sán oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà a máa kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Àpáta tí a tẹ̀ dó sí lábẹ́ tún wà níbẹ̀: oòrùn a máa yan án lọ́sàn-án, òun náà a sì máa tú ooru náà sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àwọn baba wa mọ èyí láìka ìwé. Àgò tí wọ́n fi ń dé adìẹ, híhun ni wọ́n hun ún, afẹ́fẹ́ sì ń gba gbogbo ara rẹ̀ kọjá. Lọ́sàn-án, adìẹ ń jẹ̀ káàkiri agbo ilé, àkísà tí a so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ ni a fi ń mọ ti ẹnìkan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn; bí ó ti wù kí ó rìn tó, àgò ni yóò dé adìẹ gbẹ̀yìn. Ní Ṣàpọ́n òde òní, adìẹ tí ó bá jẹ̀ jáde, ọ̀kadà ni yóò pa á, tàbí kí ó lọ da ọjà ọlọ́jà rú. Nítorí náà, a ní láti sé e mọ́, kí a sì sé e mọ́ láìdí i lémìí. Ẹ rántí àgbébọ̀ tí Olúwa wa fi ara Rẹ̀ wé nínú Ìhìnrere Mátíù, orí 23. Ẹni tí ó bá ti fara balẹ̀ wo àgbébọ̀ tí ó ràdọ̀ bo ọmọ rí mọ̀ pé orí àwọn òròmọdìẹ a máa yọ láàárín ìyẹ́ rẹ̀.

Ilé kejì tí a kọ́ nìyí. Fún adìẹ méjìlá, a wọn ẹsẹ̀ bàtà 6 ní ìbú àti 8 ní gígùn. Ọmọbìnrin ọjọ́sí ni ó di orí okùn ìwọ̀n mú. Èyí fún adìẹ kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ bàtà 4 níbùú-lóròó, ó sì tó. Orí kúkúrú ilé náà méjèèjì ni a kọ sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, kí oòrùn lè máa gba orí òrùlé kọjá dípò kí ó máa gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. A mọ ògiri kúkúrú, ìlà búlọ́ọ̀kù mẹ́ta péré. Láti orí ògiri yìí dé òrùlé, nẹ́ẹ̀tì onírin ni ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òrùlé ga tó ẹsẹ̀ bàtà 8 láàárín àti 6 ní ẹ̀gbẹ́, a sì jẹ́ kí páànù yọ jáde ní ẹsẹ̀ bàtà 3 kọjá ògiri kí òjò má baà fẹ́ wọlé. A tẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ lé páànù lórí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín sí wa pé a tún padà sí ayé àtijọ́, ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ kan páànù tí a bò àti èyí tí a kò bò ní agogo méjì ọ̀sán, ẹ óò rí ìyàtọ̀. Fún ìjì, a rán àpò ìrẹsì pọ̀, a so ó kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn ti ń wá; a ń tú u sílẹ̀ nígbà òjò, a sì ń ká a sókè bí òjò bá ti dá.

Ẹ̀yin tí ilé yín wà ní Ìkìjà, ní Ìjẹmọ̀ tàbí ní Ṣàpọ́n gan-an mọ̀ pé ṣọ́bìrì kì í pẹ́ kan òkúta. Ẹ má ṣe dá ara yín lágara pé ẹ fẹ́ gbẹ́ ihò òpó. Ẹ mọ ògiri lé àpáta lórí, ẹ fi òpó sínú ihò búlọ́ọ̀kù, ẹ sì da kọ́ńkéré dì í. Omi òjò a máa ya láti orí àpáta wá pẹ̀lú agbára, nítorí náà ilẹ̀ ilé adìẹ gbọ́dọ̀ ga ju àgbàlá lọ ní íǹṣì 6 ó kéré tán, kí ó sì dẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀nà ilẹ̀kùn.

Nẹ́ẹ̀tì tí ihò rẹ̀ fẹ̀ kì í dá ejò dúró, èkúté sì ń jẹ èyí tí a fi rọ́bà ṣe. Onírin tí ihò rẹ̀ kò ju ìdajì íǹṣì lọ ni kí ẹ rà, bí ó tilẹ̀ wọ́n. Ti ìjàlọ, kí àyíká mọ́ féfé ni, kí a lè tètè rí wọn. Adìẹ tí ó sàba lórí ẹyin kì í dìde sá.

Ní ti igi tí wọn yóò máa bà lé lóru, àwọn àgbà ní adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò radìẹ. Okùn náà tín-ín-rín jù ni. Ẹ lo igi tí ó nípọn ní íǹṣì 2, tí a ti fá etí rẹ̀, kí adìẹ lè jókòó lé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìtẹ́ kan tó adìẹ mẹ́rin, kí ó ṣókùnkùn díẹ̀. Ẹ da èérún pákó tí àwọn káfíńtà ń fá dànù sílẹ̀ ní íǹṣì 3, ẹ máa rú u, ẹ sì kó èyí tí ó bá rin jáde ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí ibẹ̀ ni òórùn ti ń wá, òórùn ni ó sì ń kó ìjà aládùúgbò wá.

Òfin Mósè nínú Deutarónómì, orí 22, pa á láṣẹ pé kí ẹni tí ó bá kọ́ ilé tuntun mọ odi yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹlòmíràn má baà ti ibẹ̀ ṣubú. A rò pé ilé adìẹ pàápàá wà lábẹ́ òfin yẹn. Ẹ má ṣe fi í ti fèrèsé ẹnikẹ́ni. Bí ẹyin lásán ni ẹ sì ń fẹ́, ẹ má ṣe ra àkùkọ rárá. Àgbébọ̀ ń yé láìsí akọ, kìkì pé ẹyin rẹ̀ kò ní pa. Ọ̀pọ̀ òbí ni kò gba èyí gbọ́ títí wọ́n fi rí i.

Oúnjẹ ni ó ń jẹ owó jù. Adìẹ tí ó ń yé ń jẹ nǹkan bí gíráàmù 120 lóòjọ́, àpò kílò 25 yóò sì tó adìẹ méjìlá fún ọjọ́ 17. Kí ẹ ṣírò èyí kí ẹ tó ra búlọ́ọ̀kù. Nípa irú adìẹ tí ẹ ó rà, Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Ìjọba Àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní ìlú wa níhìn-ín ní 1988 ti mú irú kan jáde láti inú adìẹ ìbílẹ̀, FUNAAB Alpha, tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2018. Abọ́lọ́rùn wà lára wọn, èyí tí ọrùn rẹ̀ kò ní ìyẹ́. Ọrùn yẹn ni ooru ń gbà jáde.

Lúkúlúkú ni ọ̀tá tí ilé dáradára kò lè dá dúró. Ìlú Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí a ti rí i ní 1926, ni àwọn dókítà ẹran fi sọ ọ́ lórúkọ. Ìgbà ọyẹ́ ni ó ń jà jù: adìẹ yóò sorí kọ́, yóò máa yàgbẹ́ àwọ̀ ewé, ọrùn rẹ̀ a sì lọ́. Kò ní ìwòsàn, àjẹsára nìkan ni ó wà. Ibùdó ìwádìí àrùn ẹran ọ̀sìn ní Vom, nítòsí Jos, tí ó ti wà láti 1924, ni ó ń ṣe é. Irú kan wà tí a ń kán sí adìẹ lójú. Ẹ gbà á kí ọyẹ́ tó dé. Adìẹ tí ẹ bá sì rà ní Kútọ̀ tàbí ní Láfẹ́nwá, ẹ dá a gbé ní ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó wọ àárín àwọn ti ilé.

Alẹ́ ni kí ẹ kó wọn wọ ilé tuntun, kí wọ́n jí síbẹ̀. Ẹ má ṣe ṣílẹ̀kùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin tiwa, a tú wọn sí ọgbà kékeré tí a fi nẹ́ẹ̀tì yí ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, àwa àti àwọn ọmọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n. Wọ́n wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjìlá pé, ọmọbìnrin wa sì ti ilẹ̀kùn.