Gbígbọ́ Tẹnu Ẹnìkejì: Ìlànà Kan Tí Ó Ti Wà Láti Ayé Àtijọ́

Ilé-ẹjọ́ mẹ́ta wà tí Ìwé Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 dárúkọ fún Agbègbè Olú-ìlú Àpapọ̀, Àbújá. Èkíní ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga, tí púpọ̀ nínú ìlànà rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá. Èkejì ni Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ṣàríà, tí ó gbé ẹsẹ̀ lé òfin ẹ̀sìn Ìsìláámù. Ẹ̀kẹta ni Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ìbílẹ̀, tí ó ń tọ ipasẹ̀ àṣà àwọn baba ńlá wa. Ẹni tí ó bá ń wò wọ́n láti òkèèrè lè rò pé ọ̀nà mẹ́ta tí kò pàdé ara wọn ni. Ṣùgbọ́n abala 36 inú Ìwé Òfin náà so gbogbo wọn mọ́ ìlànà kan: a kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi láì fún un láyè láti sọ tẹnu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òyìnbó ni ó kó ìlànà yìí wá bá wa. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Íjíbítì, ní nǹkan bí ọdún 1450 ṣáájú ìbí Jésù. Rekhmire ni olórí ìjòyè tí ó ń bá ọba Thutmose Kẹta ṣàkóso ìlú. Sára ògiri ibojì rẹ̀, lẹ́bàá ìlú tí a ń pè ní Luxor lónìí, ni a kọ ìkìlọ̀ tí ọba ṣe fún un nígbà tí a fi í joyè. Ọba ní kí ó máa wo ẹni tí ó mọ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ rí, kí ó má sì ṣe lé ẹni tí ó mú ẹjọ́ wá padà láì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Orí ohun tí wọ́n ń pè ní Maat ni ìkìlọ̀ náà dúró lé. Maat jẹ́ orúkọ òrìṣà kan, òun kan náà sì ni wọ́n ń pe òtítọ́, ẹ̀tọ́ àti ètò tí ó gbé ayé ró. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé bí ènìyàn bá kú, a ó wọn ọkàn rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú ìyẹ́ Maat. Nítorí náà adájọ́ tí ó yí ẹjọ́ po mọ̀ dájú pé òun náà ń bọ̀ wá jẹ́jọ́.

Ní ilẹ̀ Bábílónì, ọba Hammurabi, tí ó jọba láti ọdún 1792 sí 1750 ṣáájú ìbí Jésù, gbé ìgbésẹ̀ mìíràn. Ó kọ òfin sára òkúta dúdú kan tí ó ga ju ènìyàn lọ. Lókè òkúta náà ni a gbẹ́ àwòrán rẹ̀ sí níbi tí ó dúró níwájú Shamash, òrìṣà oòrùn àti ìdájọ́. Ọdún 1901 ni a hú òkúta náà jáde ní ìlú Susa, ní ilẹ̀ Iran. Ìlú Paris ni ó wà báyìí. Ohun tí ó yẹ kí a fiyè sí ni ibi tí òfin náà ti bẹ̀rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú olè tàbí ìgbéyàwó; ẹni tí ó fẹ̀sùn kan ẹlòmíràn ni ó kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Bí ènìyàn bá fẹ̀sùn ìpànìyàn kan ẹnìkejì rẹ̀ tí kò sì lè mú ẹ̀rí wá, olùfisùn náà ni a ó pa. Adájọ́ tí ó bá sì yí ìdájọ́ tí ó ti fi èdìdì dì padà yóò san ìlọ́po méjìlá owó ẹjọ́ náà, a ó sì yọ ọ́ kúrò lórí àga ìdájọ́, kò ní padà síbẹ̀ mọ́. Ìyà náà le púpọ̀ lójú tiwa lónìí, àmọ́ ó fi hàn pé wọ́n ti mọ̀ láti ìgbà náà pé ẹ̀sùn kì í ṣe ẹ̀rí.

Òfin Mósè béèrè ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta kí a tó lè fìdí ẹ̀ṣẹ̀ múlẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ Ìsìláámù, Ànábì kìlọ̀ fún Ali nígbà tí ó ń rán an lọ ṣe adájọ́ pé kò gbọdọ̀ dájọ́ fún ẹni àkọ́kọ́ tí ó sọ̀rọ̀ títí tí yóò fi gbọ́ ti èkejì. Ní Athens, àwọn ará ìlú tí a yàn láti dájọ́ máa ń búra pé àwọn yóò gbọ́ olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́ bákan náà. Wọ́n tilẹ̀ ní ìkòkò kan tí omi ń kán jáde lára rẹ̀, òun ni wọ́n fi ń wọn àkókò ọ̀rọ̀ kí ẹnì kan má baà gba àyè ẹnìkejì.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, a kò kọ òfin sára òkúta. Ẹnu àgbà ni ó wà. Yálà níwájú baálé ni o, yálà ní ààfin ọba, olùpẹ̀jọ́ ni yóò kọ́kọ́ rò tirẹ̀, olùjẹ́jọ́ yóò sì fèsì láìsí ẹni tí yóò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà yóò wá bi àwọn méjèèjì léèrè. Bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, a ó gbé irin Ògún kalẹ̀ fún ìbúra, èyí tí a ṣì ń rí ní àwọn ilé-ẹjọ́ kan títí dòní fún ẹni tí kò fi Bíbélì tàbí Kùránì búra. Orúkọ tí àwọn baba wa sọ ẹni tí kò bá tẹ̀lé ìlànà yìí kò sì fara sin: agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi ìyìn bo àléébù. Bí ọlọ́lá bá fọ́ ojú ọlọ́lá ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bábílónì, a ó fọ́ tirẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí ojú mẹ̀kúnnù ni ó fọ́, fàdákà ni yóò san, bí ó bá sì jẹ́ ti ẹrú, ìdajì iye owó ẹrú náà, tí yóò bọ́ sọ́wọ́ olówó rẹ̀. Ní Athens, obìnrin àti ẹrú kò lè jókòó dájọ́, ìyà ni a sì fi ń gba ẹ̀rí lẹ́nu ẹrú. Òfin kejì Hammurabi ní kí ẹni tí a fẹ̀sùn oṣó kàn bẹ́ sínú odò; bí odò bá gbé e lọ, ó jẹ̀bi. Ẹ má rẹ́rìn-ín sí wọn, nítorí a ti fún ènìyàn ní omi èèpo igi olóró mu rí nílẹ̀ yìí láti mọ̀ bóyá àjẹ́ ni. Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a ń lò ní ìpínlẹ̀ gúúsù ti fòfin de irú àdánwò bẹ́ẹ̀. Gbogbo ayé ìgbàanì ni ó mọ̀ pé ó yẹ kí a gbọ́ tẹnu ẹnìkejì. Ibi tí wọ́n ti kùnà ni ìbéèrè pé ta ni ẹnìkejì náà.

Ìbéèrè yìí kò tíì kúrò lọ́rùn wa. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 2012, ní Aluu, Ìpínlẹ̀ Rivers, èrò ìlú lu akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ti Yunifásítì Port Harcourt, wọ́n sì dáná sun wọ́n lórí ẹ̀sùn olè. Kò sí olùpẹ̀jọ́, kò sí ẹlẹ́rìí, kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè ohun tí ó gbé wọn débẹ̀. Bí a bá gbé ọ̀ràn náà lọ síwájú òkúta Hammurabi, àwọn tí ó pariwo olè ni òkúta náà ìbá kọ́kọ́ béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ wọn.

Ẹ fi wé ẹjọ́ Garba àti Yunifásítì Maiduguri, tí Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá ní ọdún 1986, kí ilé-ẹjọ́ náà tó kó wá sí Àbújá. Rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ilé jóná, yunifásítì sì lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan jáde. Kò sí ẹni tí ó sọ pé ọ̀ràn kékeré ni. Ṣùgbọ́n Igbákejì Ọ̀gá Àgbà yunifásítì náà, ẹni tí rògbòdìyàn ọ̀hún kàn fúnra rẹ̀, wà lára àwọn tí ó jókòó lórí ọ̀rọ̀ wọn. Ilé-ẹjọ́ ní ẹni tí ọ̀ràn kàn kò lè ṣe adájọ́ rẹ̀, àti pé ẹ̀sùn dídáná sun ilé jẹ́ ọ̀ràn tí ilé-ẹjọ́ nìkan lè gbọ́. Wọ́n fagi lé lílé tí a lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Kì í ṣe pé wọ́n fi ọwọ́ sí ìjàngbọ̀n. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé a kò tíì gbọ́ ẹjọ́ náà bí ó ti yẹ kí a gbọ́ ọ.

Nítorí náà, bí ọwọ́ bá tẹ afurasí ní ọjà tàbí ní ibùdókọ̀, àgọ́ ọlọ́pàá ni kí a fà á lé lọ́wọ́, kí ẹni tí ó mú un sì lọ sọ ohun tí ó rí. Abala 35 sọ pé láàárín wákàtí 24 ni a gbọ́dọ̀ fún afurasí ní ìwé tí ó sọ ìdí tí a fi mú un, ní èdè tí ó gbọ́. Bí ilé-ẹjọ́ tí ó láṣẹ bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí a ti mú un, ọjọ́ kan ni a ní láti gbé e débẹ̀. Níbòmíràn, ọjọ́ méjì, tàbí iye ọjọ́ tí adájọ́ bá rí i pé ó tọ́. Ẹ̀sùn tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú nìkan ni a yọ sílẹ̀ nínú ìlànà ọjọ́ wọ̀nyí. Bí ó bá sì dé iwájú adájọ́ tí kò gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, abala 36 ní kí a fún un ní ògbufọ̀ láì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.