Béárìn Táyà Kì Í Ṣe Ohun Eré: Ọ̀rọ̀ Sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tó Ń Wa Mọ́tò Oko

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ọ̀wọ̀ àti Ifọ́n, àti ẹ̀yin tí ẹ ń wa Hilux àti Land Cruiser àtijọ́ wọ oko kòkó ní Òkèlúsè, Ùtè àti Arímọ́gijà, ẹ fetí sílẹ̀. Gbogbo ẹrù tí ẹ bá dì sẹ́yìn mọ́tò, orí béárìn tó wà nínú họ́ọ̀bù táyà ló ń sinmi lé. Bí béárìn yẹn bá fọ́ lójú ọ̀nà, táyà lè yọ, bẹ́ẹ̀ èèyàn sì lè wà lórí àwọn àpò kòkó tó wà lẹ́yìn mọ́tò. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò ju méjì lọ: bí béárìn bá ń kùn, ẹ tètè dá a lóhùn, bí ẹ bá sì máa pààrọ̀ rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pátápátá.

Béárìn kì í ṣàdédé kú. Yóò kọ́kọ́ máa kùn. Bí eré mọ́tò bá ń pọ̀ sí i, ìkùn náà á máa ga sí i, á sì yí ohùn padà bí ẹ bá yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ẹ fi jáàkì gbé mọ́tò sókè, kí ẹ fi igi tó lágbára gbè é lábẹ́. Ẹ di orí táyà àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, kí ẹ mì í. Bó bá ń mì, ẹ ní kí ẹnìkan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí ẹ tún mì í lẹ́ẹ̀kejì. Bí kò bá mì mọ́, béárìn họ́ọ̀bù ni. Bó bá ṣì ń mì, ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ iwájú ti ń yí, àìsàn náà lè wà níbẹ̀. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Béárìn tí ẹ kò bá tètè yọ yóò bá ẹnu ṣáàfù àti họ́ọ̀bù jẹ́, owó ìyẹn sì ju ti béárìn lọ fíìfíì.

Ọ̀tá béárìn ní agbègbè wa ni omi. Lásìkò òjò, àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn wọ odò Ọ̀sẹ̀ a máa kún bo ọ̀nà oko. Bí họ́ọ̀bù tó ti gbóná bá kó sínú omi tútù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, á sì fa omi wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́ìlì-síìlì tó ti gbó. Omi á pò mọ́ gíríìsì, á funfun bí ẹ̀kọ mímu, irin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún. Nítorí náà, ẹ dúró díẹ̀ létí odò kí họ́ọ̀bù tutù kí ẹ tó kọjá. Bí òjò bá sì ti ń dá, ẹ tú họ́ọ̀bù wò kí kíkó kòkó tó gbóná.

Nínú họ́ọ̀bù iwájú àwọn mọ́tò wọ̀nyí, béárìn méjì ló wà: ńlá lápá inú, kékeré lápá ìta. Àwọn irin róbótó inú wọn fẹ̀ lápá kan, wọ́n tín-ín-rín lápá kejì. Henry Timken, ọmọ Jámánì tó ń kan kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ní Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú béárìn yìí lọ́dún 1898. Ìṣòro tó fẹ́ yanjú ni pé bí kẹ̀kẹ́ tó rẹrù bá ń yí kọ́nà, ẹrù ń tẹ táyà látòkè, kọ́nà sì ń tì í láti ẹ̀gbẹ́. Ohun kan náà ló ń ṣe Hilux tó ru kòkó láti Ifọ́n bọ̀ wá sí Ọ̀wọ̀.

Béárìn kọ̀ọ̀kan ní kọ́ọ̀pù tirẹ̀ tó há mọ́ inú họ́ọ̀bù. Àwọn kan á fi béárìn tuntun sí, wọ́n á fi kọ́ọ̀pù àtijọ́ sílẹ̀ nítorí pé yíyọ rẹ̀ nira. Ìyẹn kì í ṣe àtúnṣe. Kọ́ọ̀pù tí ojú rẹ̀ ti họ yóò họ béárìn tuntun náà. Ẹ fi irin idẹ lu kọ́ọ̀pù àtijọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ yípo, kí ẹ fi kẹrosín fọ họ́ọ̀bù mọ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá fi kọ́ọ̀pù tuntun sí i. Ẹ bu gíríìsì sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ máa fi ẹnu béárìn tó fẹ̀ gbo ó títí gíríìsì yóò fi yọ lápá kejì. Ọ́ìlì-síìlì tuntun ni kí ẹ fi sí i. Ẹ má dá èyí tí ẹ yọ padà.

Ibi nọ́ọ̀tì méjì tó di họ́ọ̀bù mú ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Ẹ fún nọ́ọ̀tì inú le bí ẹ ti ń yí họ́ọ̀bù síwá sẹ́yìn, kí béárìn lè jókòó dáadáa. Ẹ tú u, kí ẹ wá tún un fún níwọ̀nba, kí táyà lè máa yí fàlàlà láìmì rárá. Bó bá le jù, béárìn á jóná. Bó bá dẹ̀ jù, á máa mì, á sì ba síìlì jẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi nọ́ọ̀tì ìta sí i, kí ẹ ká etí wáṣà tó wà láàárín wọn mọ́ méjèèjì.

Ti ẹ̀yìn Hilux yàtọ̀. Béárìn rẹ̀ há mọ́ ṣáàfù, òrùka irin kan sì dì í mú. Ẹ má fi hámà lù ú. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ irin. Òrùka náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo là ń lò ó.

Bí ẹ bá ń lọ sọ́jà, ẹ mú béárìn àtijọ́ dání, kí ẹ fi nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára rẹ̀ wé ti tuntun. Ẹ má ra béárìn tòkunbọ̀, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ má máa kán mẹkáníìkì lójú. Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ má torí ìkánjú onímọ́tò fo nǹkan kan. Lẹ́yìn ìrìnàjò àkọ́kọ́, ẹ fọwọ́ kan họ́ọ̀bù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó bá gbóná ju àwọn yòókù lọ, ẹ tú u wò lọ́jọ́ náà gan-an, kí mọ́tò tó tún gbé ẹnikẹ́ni.