Iṣẹ́ Ìlera Aráàlú: Ta Ni Yóò Lọ Sí Etí Adágún?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa lọ́kùnrin lóbìnrin, bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá ní ilé-kéú wa pé iṣẹ́ ìlera wo ni wọ́n fẹ́ ṣe, dókítà ni wọn yóò máa pè, àfi ẹnì kan tí ó lè pe nọ́ọ̀sì. Kò burú, oyè dókítà ló ń dùn létí àna. Ṣùgbọ́n dókítà ń dúró de aláìsàn ní ọsibítù. Òṣìṣẹ́ ìlera aráàlú ní tirẹ̀ ń béèrè pé: àwọn wo ni kò lè dé ọsibítù, kí ló sì fà á?

Ẹ jẹ́ kí á fi sòbìà ṣe àpẹẹrẹ. Inú omi adágún ni ènìyàn ti ń mu ún, yóò sì tó bí ọdún kan kí aràn náà tó yọ jáde, lára ẹsẹ̀ ló sì ti wọ́pọ̀ jù. Bí ẹni náà bá fi ẹsẹ̀ wọ omi, ọmọ aràn yóò tú síbẹ̀, ẹlòmíràn yóò tún mu ún. Kò sí oògùn tó ń wò ó, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Onílé tó ní omi ẹ̀rọ kì í ní in. Àgbẹ̀ àti ọmọ àgbẹ̀ ló ń dá dùbúlẹ̀.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní in káàkiri Nàìjíríà, wọ́n lé ní 650,000. Kì í ṣe ọsibítù ńlá ló borí rẹ̀. Àwọn ará abúlé tí a kọ́ níṣẹ́ ni, tí wọ́n ń pín aṣọ asẹ́ láti ojúlé dé ojúlé, tí wọ́n ń di egbò, tí wọ́n ń bẹ elégbò kó má wọ odò. Wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n da oògùn sí adágún. Ọ̀gágun Yakubu Gowon pàápàá bá wọn dé abúlé. Ẹni ìkẹyìn ní in ní 2008; ní 2013 ni àjọ WHO jẹ́rìí pé ó ti tán ní Nàìjíríà.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin, iṣẹ́ yìí nílò yín ju bí ẹ ti rò lọ. Ọkùnrin wo ni yóò wọ ilé ẹlẹ́hàá lọ béèrè bóyá ọmọ ti gba àjẹsára? Ní 2003, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Òkè Ọya dá àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró nítorí àhesọ pé ó ń sọ ọmọbìnrin di àgàn. Àrùn náà sì tún ràn dé àwọn orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Irú àhesọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí àwọn ìyá mọ̀ tí wọ́n sì fọkàn tán ló lè tú u ká.

Ẹni tó bá yege nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama lè gba School of Health Technology lọ. Ẹni tó bá ti gboyè yunifásítì, ìbáà má ṣe dókítà, lè kọ́ ọ síwájú sí i ní Yunifásítì Ìbàdàn. A kò ní tàn yín: owó rẹ̀ kò tó ti dókítà, wọ́n sì lè gbé yín lọ síbi tí kò sí iná.

Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó bá ọ mu, lọ sí ilé ìtọ́jú ìlera wọ́ọ̀dù rẹ lọ́jọ́ àjẹsára. Jókòó, ka àwọn ìyá tó wá. Lẹ́yìn náà, bi nọ́ọ̀sì léèrè àdúgbò tí ẹnikẹ́ni kò ti wá.