Ohùn Gíga Kọ́, Ohùn Tó Já Gaara Ni

Ìpolówó kan lórí rédíò ló bí mi nínú lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n ní kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń bójú tó ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, láti Ìkọ̀lé dé Ọyẹ́ títí dé Ìdó ní Èkìtì, wá ra “gbohùngbohùn olóhùn gíga”, àpótí kékeré kan tí wọn yóò so mọ́ ojú USB kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ méjì péré, méjèèjì ló wọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú gíga ná. Ohùn tó bá lọ sókè, ohùn rara là ń pè é. Ohùn rara kò sì wọ́n wa. Ẹ bi ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìṣọ́ òru. Iṣẹ́ tí àpótí kékeré yẹn ń ṣe yàtọ̀. Nọ́ńbà ni orin jẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Orin inú sídíì, ìgbà 44,100 ni wọ́n wọn ìró rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sì ní ìpele 65,536 tó lè bọ́ sí. Àpótí tí à ń wí lè gba ìwọ̀n 96,000, àní 192,000, kí ìpele sì lé ní mílíọ̀nù 16, kó tó sọ wọ́n di ohun tí sípíkà yóò fi dún. Kíkúnná ìwọ̀n ni wọ́n ń tà. Ẹ wo ọmọ tó fa wáyà láti ihò earpiece kọ̀ǹpútà: orin ò tíì bẹ̀rẹ̀, sípíkà ti ń kùn hùn-ùn. Ó yí i sókè, kíkùn náà bá a ròkè. Ohùn gíga nìyẹn! Bí orin bá gba inú àpótí USB kọjá, lọ́pọ̀ ìgbà kíkùn náà á rọlẹ̀, ohùn á já gaara. Já gaara wà nílẹ̀, kí la wá ń fi gíga ṣe? A ń yin akọrin ní olóhùn iyọ̀, olóhùn arò. Ta ló yìn ín ní olóhùn gíga rí?

Gbohùngbohùn ni mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Gba ohùn ni wọ́n sọ di méjì, bí wọ́n ti sọ ja ogun di jagunjagun, tí wọ́n sì sọ pa iná di panápaná. Kí ẹ̀rọ tó dé, inú igbó àti ẹ̀gbẹ́ àpáta ni gbohùngbohùn ń gbé: o pè é, ó pè ọ́ padà. Ẹ̀rọ dé, maikirofóònù tó ń gba ohùn lẹ́nu oníwàásù jẹ orúkọ náà, ó bá a mu. Èyí tó ń gba ohùn sílẹ̀ sórí téèpù náà jẹ ẹ́. Ìgbà tó kan sípíkà ni mo fárígá, torí títú ohùn jáde ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n gbohùngbohùn inú àpáta náà ń dá ohùn padà, gbogbo ayé sì ti ń pe sípíkà bẹ́ẹ̀. Mo ti gbà fún wọn.

Àpótí USB tó ní ihò maikirofóònù, tó tún ń dá ohùn padà, òun ló tilẹ̀ jọ ti àpáta jù. Àmọ́ èyí tí nọ́ńbà nìkan ń wọ inú rẹ̀ kò gba ohùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Sound card táwọn ọmọ ń pè é sàn ju kí a purọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ Ọyẹ́ tẹ́ ẹ wà ní Ìkọ̀lé, ẹ̀yin lẹ mọ inú rẹ̀: ẹ sọ ọ́ lórúkọ fún wa. Èmi ń wo asọnọ́ńbàdohùn. Bí tiyín bá dùn lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀, tiyín la ó máa pè é.