Àpótí Ìmọ̀: Eruku Òkúta àti Ara Tó Ń Bá Ara Rẹ̀ Jà

Ní 1914, dókítà Byrom Bramwell ní Edinburgh kíyè sí i pé àwọn tó ń gbẹ́ òkúta pọ̀ láàárín àwọn aláìsàn rẹ̀ tí awọ ara wọn ń le gbagidi, àìsàn tí wọ́n ń pè ní scleroderma. Ìwádìí ẹ̀yìn ìgbà náà tọ́ka sí eruku tí wọ́n ń fà símú. Ní 1957, wọ́n tún ròyìn àìsàn yìí lára àwọn awakùsà wúrà ní South Africa.

Sílíkà ni eruku náà. Sẹ́ẹ̀lì tó ń gbá ìdọ̀tí inú ẹ̀dọ̀fóró á gbé e mì, kò ní í lè lọ̀ ọ́, á kú, á sì tú u sílẹ̀ fún òmíràn láti gbé mì. Bí wọ́n ṣe ń kú bẹ́ẹ̀, ìpè ogun inú ara kò ní í dáwọ́ dúró. Bó bá pẹ́, àwọn ọmọ-ogun ara tó yẹ kó kọjú sí kòkòrò àrùn lè yíjú sí awọ, oríkèé tàbí kíndìnrín onílé. Bíbomi rin òkúta bí a ṣe ń gé e ń dín eruku kù, àmọ́ ó dunni pé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ṣì ń gé e ní gbígbẹ.

Sìgá náà lè dá irú ogun yìí sílẹ̀ ní oríkèé, pàápàá lára ẹni tó jogún àwọn ẹ̀yà kan nínú àbùdá HLA-DRB1.