Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Òkúta Onírin Láti Ojú Ọ̀run

Òkúta máa ń já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín sí. Àwọn kan jẹ́ òkúta, àwọn kan jẹ́ irin, àwọn mìíràn sì jẹ́ àdàlù òkúta àti irin. Àdàlù yìí ló ṣọ̀wọ́n jù. Nínú 100 òkúta tí àwọn ènìyàn bá rí tó já bọ́, ekukáká la fi ń rí 1 nínú irú rẹ̀.

Kí ló wà nínú rẹ̀?

Irin inú rẹ̀ kì í dá wà. Níkẹ́ẹ̀lì wà pẹ̀lú rẹ̀. Irú kan wà tó ń jẹ́ pallasite. Olivine ni apá òkúta rẹ̀. Ó ní àwọ̀ ewé, ó há sáàárín irin, ìmọ́lẹ̀ sì lè gba inú rẹ̀ kọjá. Irú kejì ni mesosiderite. Nínú èyí, irin àti òkúta tó fọ́ wẹ́wẹ́ dàpọ̀ bí ẹ̀wà àti àgbàdo inú àdàlú. Pyroxene àti plagioclase ló pọ̀ jù ní apá òkúta rẹ̀.

Òkúta Chinguetti

Ní ọdún 1916, Gaston Ripert, ológun ilẹ̀ Faransé, mú mesosiderite kan wá láti aṣálẹ̀ Mauritania, nítòsí ìlú Chinguetti. Ó wọn kílò 4.5. Ripert ní orí òkè irin kan tó gùn tó mítà 100 lòun ti rí i. Onímọ̀ kan, Théodore Monod, wá òkè náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò rí i.

Òkúta náà fúnra rẹ̀ ló jẹ́rìí. Nígbà tí òkúta bá wà lókè, ìtànṣán òfuurufú máa ń fi àmì sí i lára, ṣùgbọ́n kì í wọ inú ohun ńlá jìnnà. Ní ọdún 2001, àwọn onímọ̀ wọn àmì náà. Wọ́n rí i pé ohun tí òkúta yìí ti ara rẹ̀ wá kò lè fẹ̀ ju mítà 2 lọ.

Ní ilẹ̀ Ìfọ̀nyìn tiwa

A lè ṣi yangí mú fún òkúta ojú ọ̀run, torí ó wúwo, irin sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n irin tó ti dípẹtà ni, kò sì dán bí a bá rẹ́ ẹ. Bí ẹ bá rí òkúta tó ṣàjèjì, ẹ má fọ́ ọ. Pé òòfà fà á nìkan kò tó ẹ̀rí; ẹ jẹ́ kí onímọ̀ yẹ inú rẹ̀ wò.

Ìbéèrè

1. Kí ló máa ń wà pẹ̀lú irin nínú òkúta ojú ọ̀run?
2. Báwo ni pallasite ṣe yàtọ̀ sí mesosiderite?
3. Kí ló fi hàn pé òkúta Chinguetti kò wá láti ara òkè irin?