Bí A Ṣe Ń Lé Ìpolówó Tí A Kò Pè Kúrò Nínú Kọ̀ǹpútà Ilé

Àbúrò mi, súnmọ́ mi kí n bá ẹ sọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà ilé yẹn, tí ìpolówó tẹ́tẹ́ àti ti oògùn tó ń dín ikùn kù ń fò jáde lójú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, tí o bá ní kí o wá nǹkan lórí Google tó jẹ́ ibòmíràn ló ń gbé ẹ lọ, má tíì san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnì kan nínú ilé ló fún nǹkan wọ̀nyí láṣẹ láìfura. Bí a bá ti gba àṣẹ náà padà, wọ́n á lọ.

Notifications ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àwọn ojúlé kan máa ń sọ pé kí o tẹ Allow kí àwọn lè mọ̀ pé o kì í ṣe rọ́bọ́ọ̀tì. Irọ́ ni! Bí o bá ti tẹ̀ ẹ́, wọ́n ti rí àyè máa ju ìpolówó sí igun ojú kọ̀ǹpútà rẹ nìyẹn, kódà lẹ́yìn tí o ti kúrò lọ́dọ̀ wọn. Lórí Chrome, tẹ àmì tóótòótó mẹ́ta tó wà lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ Settings, lẹ́yìn náà Privacy and security, Site settings, kí o wá ṣí Notifications. Orúkọ yòówù tí o kò bá dá mọ̀ níbẹ̀, yọ ọ́ dànù. Èmi ò gba ojúlé kankan láyè mọ́ àfi ti ímeèlì mi, ọkàn mi sì balẹ̀.

Ó ṣì ń yọ jáde? Jẹ́ ká wọ inú ilé lọ. Ṣí Settings ti Windows, lọ sí Apps, kí o to àwọn ètò ibẹ̀ bí ọjọ́ tí wọ́n wọlé ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Wo àwọn tó dé ní àsìkò tí wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń sọ PDF di Word lọ́fẹ̀ẹ́, ohun tó ń gba fídíò sílẹ̀, géèmù àwọn ọmọ: irú wọn ló sábà máa ń dà bí àlejò tó kó àlejò mìíràn lẹ́yìn wá. Yọ wọ́n kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o tó kọ chrome://extensions síbi tí o ti ń kọ àdírẹ́sì, kí o sì yọ extension yòówù tí o kò lò. Má ṣe èyí tó gbẹ̀yìn ṣáájú o, nítorí bí ètò tó mú extension wá bá ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà, ó lè dá èyí tí o yọ padà.

Bí gbogbo rẹ̀ bá dojú rú, wá Reset settings nínú Chrome. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, nítorí kò ní pa bookmark rẹ tàbí páásíwọ́ọ̀dù tí o tọ́jú síbẹ̀ rẹ́. Ti Firefox ń jẹ́ Refresh Firefox. Tún lo AdwCleaner ti Malwarebytes láti fi gbá ìyókù mọ́, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ín gan-an ni kí o ti gbà á o. Bí gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà inú ilé bá jọ ń ṣe bákan náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ router ló ní àrùn.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ojú ewé pupa tó máa ń gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, tó ń ké bíi sáírìn pé fáírọ́ọ̀sì ti wọlé, kí o pe nọ́ḿbà báyìí-báyìí kíákíá. Àwọn ìyá wa nílùú òyìnbó, tó jẹ́ àwọn nìkan ló ń dá gbé, ni wọ́n ń fi í dẹ́rù bà. Microsoft fúnra wọn ti sọ pé ìkìlọ̀ tàwọn kì í ní nọ́ḿbà fóònù nínú. Jọ̀ọ́, má pè wọ́n. Tẹ Alt àti F4 pọ̀. Bí kò bá gbọ́, tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, mú browser náà nínú àkójọ tó bá ṣí, kí o tẹ End task. Nígbà tí o bá tún un ṣí, bí ó bá bi ẹ́ pé ṣé kó dá ojú ewé tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ padà, kọ̀ fún un. Pe màmá lónìí, kí o kọ́ wọn.

Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí o rà ní ọjà Computer Village ńkọ́? Kí o tó kọ páásíwọ́ọ̀dù báńkì kankan sínú rẹ̀, wọ Settings, System, Recovery, kí o lo Reset this PC, kí o sì yan Remove everything. Tuntun pàápàá kò yọ sílẹ̀: ní 2015, àṣírí tú pé Lenovo ti ń ta àwọn láptọ́ọ̀pù kan tí ètò ìpolówó Superfish ti wà nínú wọn láti ilé iṣẹ́.

Láti dènà rẹ̀, bí o bá fẹ́ VLC, videolan.org ni kí o kọ fúnra rẹ, má tẹ èsì tí wọ́n kọ Sponsored sí lórí Google. Bí ètò kan bá ń wọlé, yan Custom dípò Express, kí o yọ àmì kúrò nínú gbogbo àpótí tí wọ́n ti bá ẹ fọwọ́ sí. Fi uBlock Origin, tó ń dènà ìpolówó, sí Firefox rẹ. Kódà FBI ti Amẹ́ríkà gba aráàlú nímọ̀ràn ní 2022 pé kí wọ́n máa lo ohun tó ń dènà ìpolówó.

Kí o sì ya àkáǹtì àwọn ọmọ sọ́tọ̀, Standard, kì í ṣe Administrator. Wọ́n á kùn pé géèmù àwọn kò wọlé. Jẹ́ kí wọ́n wá bá ẹ, kí ẹ jọ wo ohun tí wọ́n fẹ́ gbà kí o tó kọ páásíwọ́ọ̀dù rẹ fún un.